Ọ̀gágun António de Spínola: ibo ni ó yẹ kí ìtàn tò ó sí?

Arókin Òde (ẹni tí ó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ António de Spínola ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ọ̀gágun ọmọ Pọ́túgàl tí ó di ààrẹ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba lọ́wọ́ Marcelo Caetano, olórí ìjọba ibẹ̀, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1974. Bí ènìyàn bá ka ohun tí àwọn kan ń kọ nípa rẹ̀ ní Lisbon, yóò rò pé òun gan-an ni ó tú àwọn ọmọ Áfíríkà sílẹ̀ lóko ẹrú. Bí a bá sì yíjú sí Guinea-Bissau (tí a ó máa pè ní Guinea níbí), níbi tí ó ti jẹ́ gómìnà àti olórí ogun láti 1968 di 1973, ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìlú Estremoz ni wọ́n bí i sí ní 1910. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni ó ti jáde, ìrísí rẹ̀ sì ń fi bẹ́ẹ̀ hàn: gíláàsì ojú kan ṣoṣo tí ó máa ń há mọ́ ojú, ìbọ̀wọ́ aláwọ, àti pàṣán ẹlẹ́ṣin tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kódà nínú ẹrọ̀fọ̀ Guinea. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Àngólà ní 1961, ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ jà. Ogun tún bẹ́ ní Guinea ní 1963, ó bẹ́ ní Mozambique ní 1964, Pọ́túgàl sì di orílẹ̀-èdè tálákà tí ó ń ja ogun mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù kejì 1974 ni Spínola tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Portugal e o Futuro. Ohun tí ó wí níbẹ̀ ni pé ìbọn kò lè parí ogun náà, pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, àti pé ohun tí ó yẹ ni kí Pọ́túgàl àti àwọn ilẹ̀ tí ó ń mú sìn di àjọṣepọ̀ kan lábẹ́ àsíá kan. Ìwé náà tà bí ẹni ń ta omi nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta wọ́n yọ ọ́ nípò, ní oṣù kẹrin ìjọba tí ó yọ ọ́ wó, ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ó di ààrẹ, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ó ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ní oṣù kẹta 1975 ó gbìyànjú láti fi ipá padà, kò ṣeé ṣe, ó sì sá kúrò nílùú. Síbẹ̀ ní 1981 wọ́n fi í jẹ Marechal, oyè tí kò sí èyí tí ó ga jù ú lọ nínú iṣẹ́ ológun wọn.

Ní tèmi, mo gbà pé ọkùnrin yìí mọ̀ pé ogun náà ti bọ́ sọ́nù, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan fẹ́ kí ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ Pọ́túgàl. Kí ni ẹ̀yin rí sí i?

Ajagunfẹ̀yìntì

Arókin, o káre. Mo jẹ́ ológun kí n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyí tí n ó fi sọ ohun tí àwọn tí kò wọ aṣọ ológun rí kì í fẹ́ gbọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀gágun tí ó ti lo ọdún márùn-ún nínú ogun kan, tí wọ́n ti fi àmì ẹ̀yẹ dá lọ́lá nítorí ogun náà, jókòó kí ó kọ ọ́ sí ìwé pé a kò lè borí. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n máa béèrè fún ọmọ ogun sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ilẹ̀ tí ó bá. Guinea-Bissau kò tóbi, ó jẹ́ nǹkan bí 36,000 kìlómítà níbùú lóròó, ṣùgbọ́n odò àti àbàtà ni ó kún inú rẹ̀, omi òkun a sì máa ya wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà. Nígbà tí Spínola dé ní 1968 láti gba ipò lọ́wọ́ Arnaldo Schulz, PAIGC, ẹgbẹ́ tí ń jà fún òmìnira lábẹ́ Amílcar Cabral, ti gba ọ̀pọ̀ ìgbèríko, àwọn ọmọ ogun Potogí sì há mọ́ àgọ́ wọn bí adìyẹ tí òjò ká mọ́. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hẹlikọ́pítà bẹ àgọ́ kọ̀ọ̀kan wò láìsọ tẹ́lẹ̀, tí ó ń lé àwọn ọ̀gá tí kò ṣe iṣẹ́ wọn padà sí Lisbon. Ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́, ó gbẹ́ kànga, ó la ọ̀nà, ó sì pè é ní ètò ìmúdára Guinea. Ó pe àwọn ìjòyè àti àwọn àgbà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jọ sí àpérò ọdọọdún kí wọ́n wá sọ ohun tí ń dùn wọ́n. Ó tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀ ní 1969, Rafael Barbosa, tí ó ti jẹ́ olórí nínú PAIGC, wà lára wọn.

Ohun tí ó yí i lọ́kàn padà gan-an ni ti oṣù karùn-ún 1972. Ó kọjá lọ sí Cap Skirring ní Senegal, ó bá Ààrẹ Senghor sọ̀rọ̀, Senghor sì ní òun yóò ṣe alárinà láàárín Spínola àti Cabral. Spínola gba Lisbon lọ pẹ̀lú ìròyìn náà. Caetano kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ó sàn kí wọ́n ṣẹ́gun Pọ́túgàl lójú ogun pẹ̀lú iyì ju kí ó bá àwọn tí òun pè ní apániláyà jókòó, nítorí ohun tí ó bá ṣe ní Guinea ni àwọn ará Àngólà àti Mozambique yóò wá béèrè. Ológun wo ni ó máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kí ó sì tún máa fi tinútinú sin ẹni tí ó sọ ọ́?

Ìyá Olùkọ́

Bàbá Ajagunfẹ̀yìntì, ẹ kú iṣẹ́ ìlú tí ẹ ṣe. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí ẹ sọ kò sì jìnnà sí òtítọ́, àmọ́ ẹ fi apá kan sílẹ̀. Kànga àti ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, ohun ìjà ni wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ète rẹ̀ ni láti gba ọkàn àwọn ará ìlú kúrò lọ́wọ́ Cabral. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1970, ó rán àwọn ọ̀gá ológun mẹ́ta tí ó jẹ́ àyànfẹ́ rẹ̀ láti lọ pàdé àwọn ọ̀gágun PAIGC nínú igbó ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Manjaco, láìgbé ìbọn dání, ní ìrètí pé àwọn ọ̀gágun yẹn yóò kó àwọn ọmọ ogun wọn kọjá sí ọ̀dọ̀ Potogí. Wọ́n pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àwọn tí ó tẹ̀lé wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí á rántí Spínola gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó nawọ́ àlàáfíà gbọ́dọ̀ ka ìtàn yìí dáadáa: ìfàsẹ́yìn ẹgbẹ́ Cabral ni ó ń wá, kì í ṣe àlàáfíà.

Nígbà tí ìyẹn kùnà, ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 1970, àwọn ọkọ̀ ojú omi Potogí gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá Conakry, olú ìlú Guinea ti Sékou Touré, orílẹ̀-èdè tí Pọ́túgàl kò bá jà. Ọ̀gá ológun orí omi kan tí ń jẹ́ Alpoim Calvão ni ó ṣáájú, Spínola sì ni ó fọwọ́ sí i. Aṣọ tí kò ní àmì orílẹ̀-èdè kankan ni wọ́n wọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn ọmọ Guinea ti Sékou Touré ni wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ ìjọba wọn. Wọ́n sun ọkọ̀ ojú omi PAIGC, wọ́n sì tú ẹlẹ́wọ̀n Potogí 26 sílẹ̀. Wọ́n wá Sékou Touré, wọn kò rí i. Wọ́n wá Cabral, kò sí nílùú. Wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú láti ba àwọn ọkọ̀ ogun òfuurufú MiG jẹ́, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀, ọ̀gá ológun aláwọ̀ dúdú kan sì kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sá lọ fi ara wọn lé àwọn ará Conakry lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé bẹnu àtẹ́ lu Pọ́túgàl ní oṣù kejìlá. Nínú oṣù náà kan náà ni àwọn mínísítà Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà pàdé ní Èkó nípàtàkì nítorí ìkọlù yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò ṣàjèjì sí wa tó bí àwọn kan ti rò. Ṣé a tún gbàgbé pé nígbà ogun abẹ́lé wa, Bissau wà lára ibi tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí ń gbé nǹkan ìjà láti Lisbon lọ sí Biafra ti máa ń balẹ̀?

Wọ́n yìnbọn pa Cabral ní Conakry ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 1973. Inú ẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni àwọn tí ó pa á ti wá, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń jiyàn títí di òní lórí bí ọwọ́ Pọ́túgàl ṣe wà níbẹ̀ tó. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé ikú rẹ̀ kò dá ogun náà dúró. Ní oṣù kẹta ọdún náà, PAIGC bẹ̀rẹ̀ sí í lo Strela, ohun ìjà ará Soviet tí ẹnì kan lè gbé lé èjìká kí ó sì fi já ọkọ̀ òfuurufú bọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn bọ́ ni hẹlikọ́pítà tí Spínola fi ń ṣe gbogbo akin rẹ̀ ti di ohun ẹ̀rù.

Ibi tí mo fẹ́ kí Bàbá dáhùn sí ni ti Guiledje. Àgọ́ Potogí kan ni, nítòsí ẹnubodè gúúsù. Ní oṣù karùn-ún 1973, PAIGC rọ̀jò àgbá lé e lórí títí omi fi wọ́n wọn, tí a kò sì lè kó àwọn tí ó fara pa jáde mọ́. Ọ̀gá àgọ́ náà, Coutinho e Lima, béèrè ìrànlọ́wọ́, Spínola kò fún un. Ní ọjọ́ 22 ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ará ìlú tí ó sá di wọ́n, ó sì fẹsẹ̀ mú wọn gba inú igbó jáde ní ìdájí. Gbogbo wọn là á já. Spínola sọ ọ́ sí àtìmọ́lé, inú àtìmọ́lé náà ni ó sì wà títí ìjọba fi yí padà. Ẹni tí ó kọ ọ́ sí ìwé ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà pé a kò lè borí ogun yìí ni ó ti ọmọ abẹ́ rẹ̀ mọ́lé nítorí pé ìyẹn tètè gbà bẹ́ẹ̀.

Ajagunfẹ̀yìntì

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun. N kò ní gbèjà ọ̀rọ̀ Guiledje. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀mí ẹgbẹ̀ta ènìyàn là kò yẹ lẹ́wọ̀n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ológun ní ibikíbi kì í fojúure wo ẹni tí ó fi àgọ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Ti Conakry náà, ìwà ìkọlù sí orílẹ̀-èdè olómìnira ni, ó parí síbẹ̀. Ohun tí mo dúró lé ni ìwé náà. Láìsí i, ṣé àwọn ọ̀gá kékeré tí ó gba ìjọba yóò ní ìgboyà?

Èrò Lisbon

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbí, nítorí ìlú yìí ni mo ń gbé, ìtàn ọjọ́ náà sì ni wọ́n ń sọ lọ́dọọdún bí oṣù kẹrin bá ti ń parí lọ.

Bàbá, àwọn káputéènì, àwọn ọ̀gá kékeré tí ẹ sọ yẹn, ti ń pàdé ní bòókẹ́lẹ́ láti oṣù kẹsàn-án 1973, kí ìwé náà tó jáde. Àwíjàre ni ó fún wọn: bí ọ̀gágun tí ó lókìkí jù lọ nílùú bá sọ pé kò sí ọ̀nà, kò sí ẹni tí ó lè pe káputéènì ní ojo mọ́. Ẹ tún wò ó pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sìn lábẹ́ rẹ̀ ní Bissau. Otelo Saraiva de Carvalho, tí ó ṣètò bí wọn yóò ṣe gbéra lọ́jọ́ náà, ọ́fíìsì ìpolongo rẹ̀ níbẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, Caetano sá wọ bárékè Carmo láàárín ìgboro Lisbon. Salgueiro Maia, káputéènì ẹni ọdún 29, ni ó kó ọkọ̀ ogun wá láti Santarém tí ó sì yí ilé náà ká, tí èrò ìlú sì kún gbogbo gbàgede títí dé orí igi. Caetano rán iṣẹ́ sí i pé òun kò ní fi ìjọba lé káputéènì lọ́wọ́, pé kí wọ́n wá ọ̀gágun kan wá, kí agbára má baà bọ́ sí ìgboro. Wọ́n pe Spínola nílé. Ó kọ́kọ́ fi fóònù bi àwọn káputéènì bóyá wọ́n fún òun láṣẹ, lẹ́yìn náà ni ó fi mọ́tò wọ inú èrò náà, ó sì gba ìjọba. Ó dé nígbà tí iṣẹ́ ti parí. N kò sọ èyí láti fi í ṣẹ̀sín. Láti ọjọ́ náà ni èrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wà lórí ẹni tí ó ni ìjọba: òun rò pé wọ́n fi lé òun lọ́wọ́, àwọn káputéènì rò pé àwọn kàn yá a ní àga.

Ó hàn ní òru yẹn gan-an. Àwọn káputéènì ti kọ ètò kan sílẹ̀ tí ó sọ gbangba pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ òkèèrè ní ẹ̀tọ́ láti yan ọ̀nà ara wọn. Spínola ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì yọ ọ́. Ó fẹ́ kí díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú tí ó wà ní Caxias ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kọ̀ fún un. Ọlọ́pàá inú, àwọn ọlọ́pàá aláṣìírí tí ìjọba fi ń ṣọ́ àwọn alátakò rẹ̀, àwọn tí ó yìnbọn pa ènìyàn mẹ́rin ní ojú pópó lọ́jọ́ náà, ni ó fẹ́ kí wọ́n tú ká ní Pọ́túgàl ṣùgbọ́n kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ ní Áfíríkà lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 27 oṣù keje, ó fọwọ́ sí òfin 7/74 tí ó gba ẹ̀tọ́ àwọn ilẹ̀ náà sí òmìnira. Ìwé kan kọ́ ni ó mú un ṣe é. Ní Bissau, ní ọjọ́ kejì ìyípadà ìjọba, àwọn ọ̀gá ológun tiwọn yọ gómìnà wọn. Ní Guinea àti Mozambique, àwọn ọmọ ogun kò fẹ́ jà mọ́, wọ́n ń bá àwọn tí wọ́n ń bá jà tẹ́lẹ̀ jẹun pọ̀.

Aláròjinlẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, mo sì dúpẹ́. Èmi kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Spínola ni ó sọ àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú di ẹgbẹ́ kọmándò tiwọn, tí àwọn ọ̀gá wọn náà jẹ́ dúdú. Ó fi oyè fún wọn, ó fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ wọn láyà, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún wọn pé Guinea tuntun kan ń bọ̀ tí yóò jẹ́ tiwọn lábẹ́ àsíá Pọ́túgàl. Àwọn ni ó rán sí ibi tí ó gbóná jù. Lára wọn ni ó lọ sí Conakry tí Ìyá sọ.

Nígbà tí Pọ́túgàl gbà ní Algiers ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 1974 pé Guinea-Bissau ti dòmìnira, ta ni ààrẹ? Spínola ni. Àwọn ọmọ ogun funfun wọkọ̀ padà sílé. Àwọn kọmándò gbé ìbọn sílẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n padà sí abúlé wọn, láàárín àwọn tí wọ́n ti ń dọdẹ fún ọdún mẹ́wàá. Díẹ̀, bíi Marcelino da Mata tí àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn, rí ọ̀nà gbé ní Pọ́túgàl. Ọ̀pọ̀ kò rí i. Ìjọba PAIGC kó wọn, ó sì pa wọ́n láìsí ẹjọ́. Nígbà tí Nino Vieira gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Luís Cabral ní oṣù kọkànlá 1980 ni wọ́n tó fi ibojì àwọn tí wọ́n pa náà han aráyé.

Mo mọ̀ pé PAIGC ni ó pa wọ́n, ẹ̀bi ìpànìyàn sì wà lọ́rùn ẹni tí ó pa ènìyàn. Ìbéèrè mi sí àwọn tí ń yin Spínola ni pé, ẹni tí ó kó àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún wọ inú ogun tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ láti 1972 pé kò ní borí, tí ó sì ń gba púpọ̀ sí i síṣẹ́ títí di 1973, kí ni a ó pe èyí?

Ajagunfẹ̀yìntì

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Bí ọ̀gá kan bá ti fi ọmọ ogun rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, kò sí oyè tí ó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Mo ṣì fẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́: nígbà tí wọ́n ń bá PAIGC ṣàdéhùn, agbára ti ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn káputéènì àti Mário Soares tí ó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òun ni ó ṣèlérí, ìlérí náà kò sì jẹ́ ti àwọn káputéènì.

Èrò Lisbon

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyókù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ipò rẹ̀ nínú ìtàn ti díjú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1974, ó gbìyànjú láti pe àwọn tí ó pè ní ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sọ̀rọ̀ jáde sí ìgboro kí wọ́n wá ti òun lẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn aláàtìlẹ́yìn ìjọba tuntun dí ojú ọ̀nà, ìwọ́de náà kò wáyé. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà ni ó fi ipò sílẹ̀ fún Ọ̀gágun Costa Gomes.

Ti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 1975 ní ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe pé ó gba ẹ̀mí. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú láti Tancos ju bọ́ǹbù sí bárékè kan nítòsí pápákọ̀ Lisbon, ọmọ ogun kan sì kú. Àwọn tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti gba bárékè náà dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀gá wọn àti ọ̀gá àwọn tí wọ́n wá kọlù sì dúró síta níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tí ó fa ìjà. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ni ogun náà tán. Spínola wọ hẹlikọ́pítà, ó gba Spéìnì lọ, láti ibẹ̀ ó kọjá sí Bràsíl. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ìjọba gba gbogbo báńkì sọ́wọ́, ohun tí ó bẹ̀rù jù ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà.

Láti òkèèrè ni ó ti di olórí MDLP, ẹgbẹ́ abẹ́lẹ̀ kan tí ń bá ìjọba tuntun jà, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fọ́ ọ́fíìsì àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú apá òsì tí wọ́n sì ń ju bọ́ǹbù ní apá àríwá. Ní 1976, akọ̀ròyìn ará Jámánì kan, Günter Wallraff, díbọ́n bí aṣojú àwọn olówó tí ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó pè é wá sí Düsseldorf, Spínola sì jókòó, ó ka irú ohun ìjà tí òun nílò sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, Switzerland lé e kúrò nílẹ̀ wọn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ó padà sílé, wọ́n mú un, wọ́n sì tètè fi í sílẹ̀. Ní 1981 ó di Marechal. Ní 1987 Mário Soares, tí ó ti di ààrẹ, fi àmì ẹ̀yẹ ńlá dá a lọ́lá. Ó kú ní oṣù kẹjọ 1996, títì ńlá kan sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Lisbon níbí.

Ẹ fi èyí wé Salgueiro Maia tí ó dojú kọ ìbọn lọ́jọ́ náà tí kò gba ipò kankan. Ó béèrè owó ìfẹ̀yìntì pàtàkì lọ́wọ́ ìjọba Cavaco Silva, wọn kò fún un, àrùn jẹjẹrẹ sì pa á ní 1992; ìjọba kan náà ni ó fún àwọn ọlọ́pàá inú àtijọ́ méjì ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ní àárín àwọn ará ìlú, orúkọ Maia ni o máa gbọ́ tí ohùn wọn yóò rọ̀. Ti Spínola, ó dá lórí ẹni tí o bá bi. Àwọn Potogí tí ó padà wálé láti Áfíríkà láìní nǹkan kan lọ́wọ́ ní 1975 ń sọ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ tirẹ̀ ni, ilé àwọn kì bá tí bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Àwọn apá òsì ń pè é ní olùdìtẹ̀.

Arókin Òde

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ bi Ìyá Olùkọ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olùgbèjà rẹ̀ máa ń dúró sí: bí Caetano bá ti gbà ní 1972, tí Senghor sì mú Spínola àti Cabral jókòó, ṣé àjọṣepọ̀ tí ó ń lá àlá rẹ̀ kò ní wáyé, kí ogun parí ọdún méjì ṣáájú, kí Cabral máa wà láàyè, kí àwọn kọmándò tí Aláròjinlẹ̀ sọ má sì kú?

Ìyá Olùkọ́

Arókin, ogun ì bá ti parí, Cabral ì bá sì wà láàyè, mo gba méjèèjì. Àjọṣepọ̀ yẹn ni kò lè wáyé. Cabral kò kọ ìjíròrò rí. Léraléra ni ó ń sọ ọ́ níta gbangba pé òun ṣetán láti bá ìjọba Lisbon sọ̀rọ̀, pé òun kò bá àwọn ènìyàn Pọ́túgàl jà, ìjọba wọn tí ń mú ni sìn ni òun ń bá jà. Ohun tí yóò gbé síwájú lórí tábìlì ni òmìnira, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti bí àwọn ọmọ ogun yóò ṣe jáde. Ní ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣètò ìdìbò ní àwọn agbègbè tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Láti inú ìdìbò náà ni ìgbìmọ̀ aṣòfin ti jáde tí ó kéde òmìnira ní agbègbè Boé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1973, oṣù méje kí ọkọ̀ ogun Maia tó gbéra ní Santarém, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti gbà wọ́n wọlé kí Spínola tó di ààrẹ ohunkóhun. Ẹni tí ó ti ní ìlú, tí ó ní ọmọ ogun, tí ó sì ní àwọn aṣòfin, kí ni Spínola fẹ́ fi fún un ní Cap Skirring? Ipò igbákejì ni a gbọ́ pé ó wà lọ́kàn rẹ̀, nínú ìjọba tí òun Spínola yóò ṣì jẹ́ gómìnà lé lórí.